Chapman Ọdún Tí Ṣúgà Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ẹni tó bá ń dín ẹran ọdún lọ́wọ́, ẹ yí rédíò yín sókè díẹ̀ kí ariwo òróró má baà bò mí mọ́lẹ̀. Ẹni tó sì wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá yín dúró sójú kan, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrìn. Ọ̀rọ̀ ohun tútù la fẹ́ sọ, ẹ̀yin ló sì máa yé jù.

Chapman ni. Ohun mímu pupa tí wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ nínú kọ́ọ̀bù ńlá ọlọ́wọ́, tí kùkúmbà léfòó sójú rẹ̀, tí wọ́n fi ọsàn há a létí. Ọmọdé ń mu ún, ìyá ìyàwó ń mu ún, pásítọ̀ àti àlàájì jọ ń mu ún lórí tábìlì kan náà. Àwọn méjèèjì yẹn, ẹ dúró dè mí o, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ tó bá yá.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Ikoyi Club ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ pò ó. Ọdún 1938 ni wọ́n dá kíláàbù yẹn sílẹ̀, nígbà tó ṣì jẹ́ ibi fàájì àwọn òyìnbó amúnisìn. Wọ́n ní agbọ́tí ibẹ̀ kan, Sam Alamutu, ló pò ó fún oníbàárà kan tó ń jẹ́ Chapman. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ wo bí ayé ṣe rí: ẹni tó mu ún ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ohun mímu náà, ẹni tó pò ó kò rí nǹkan kan gbà.

Bí wọ́n ṣe ń pò ó lónìí kò ṣòro. Fanta ọlọ́sàn, Sprite, omi pupa aládùn kan tí í ṣe grenadine tàbí Ribena, ìkán díẹ̀ nínú Angostura bitters, kùkúmbà, ọsàn, yìnyín. Ó parí. Ẹlòmíì á ní, ṣebí Fanta àti Sprite náà ni, kí ló wá kù tí a fẹ́ sọ lórí rédíò? Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìndòdò aládùn máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 10 sí 13 nínú mílílítà 100. Ẹ yí ìgò rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ká ní kọ́ọ̀bù yín gba sẹ̀ntílítà 40 yàtọ̀ sí yìnyín. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́rìndòdò nìkan ló kún inú rẹ̀, gíráàmù 40 nìyẹn ó kéré tán. Ṣíbí ìmutíì kan ṣúgà jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 4. Ṣíbí mẹ́wàá ni ẹ ti dà sí kọ́ọ̀bù kan yẹn, a ò sì tíì fọwọ́ kan grenadine. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní 2015 pé yóò dára tí ṣúgà tí à ń bù sí oúnjẹ àti ohun mímu bá lè wà lábẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25 lóòjọ́ fún àgbàlagbà, ìyẹn ṣíbí mẹ́fà. Kọ́ọ̀bù kan péré ti gbé wa kọjá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ò tíì kan ṣinṣin, a ò tíì kan kéèkì, a ò tíì kan pọ́fùpọ́ọ̀fù tí àwọn ará àdúgbò máa gbé wá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fi owó-orí náírà 10 sórí lítà ẹlẹ́rìndòdò aládùn kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí ẹni tí owó yẹn lé kúrò nídìí Fanta.

Ọdún ni ọdún ń jẹ́, n ò ní kí ẹnikẹ́ni mu omi lásán níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbádùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe ṣúgà ló mú kí Chapman jẹ́ Chapman. Pípọ́n rẹ̀ ni, kíkan rẹ̀, ìkorò díẹ̀ tó máa ń kù sẹ́yìn ahọ́n, àti bó ṣe ń hó wẹ́wẹ́ nímú ẹni. Bí nǹkan mẹ́rin yìí bá pé, ẹ lè yọ ju ìdajì ṣúgà rẹ̀ kúrò, àlejò yín á sì tún tọrọ kọ́ọ̀bù kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti pípọ́n ṣáájú. Èso pómégíránétì ni wọ́n fi ń ṣe grenadine látilẹ̀wá. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rà ní ìgò báyìí, omi ṣúgà tí wọ́n pa láró ni. Ribena ní tirẹ̀, èso blackcurrant ni wọ́n fi ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1938 kan náà yẹn ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á pẹ̀lú orúkọ yẹn. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì dùn ju ohun tá a nílò lọ. Kí ló dé tí a ó fi máa ra pupa láti ìlú òyìnbó, nígbà tí zobo wà lọ́jà?

Zobo yìí, mọ̀lẹ́bí ìṣápá tí à ń fi sè ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, èyí tó pupa nínú wọn. Jigawa, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ Òkè Ọya mìíràn ni wọ́n ti ń gbìn ín lọ́pọ̀. Ìparí ọdún ló máa ń gbó, ìyẹn ló fi bọ́ sí àsìkò wa wẹ́kú. Kì í ṣe àwa nìkan la mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ní Jàmáíkà àti Trinidad, sorrel ni wọ́n ń pè é, òun gan-an sì ni ohun mímu Kérésì wọn. Wọ́n á sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, àwọn àgbà á bu ọtí rum lé e. Ẹ máa rántí Trinidad yẹn, ibi tí wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó àti Ògún títí dòní. A óò tún padà síbẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́ nípa zobo, pé àwọn èèyàn máa ń pa àwọ̀ rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ dán an wò lónìí. Ẹ bu zobo tútù sínú ife onígíláàsì méjì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan. Lójú yín báyìí, pupa rẹ̀ á là, á mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ máa rí ìka yín láti òdìkejì. Ẹ wá kán omi kán-ún díẹ̀díẹ̀ sí ìkejì. Ó máa kọ́kọ́ di àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà á máa dúdú lọ bí omi inú ìkòkò aró. Èròjà tó ń pọ́n ọn, anthocyanin ni àwọn onímọ̀ ń pè é, níbi kíkan nìkan ni pupa rẹ̀ ti ń dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi kán-ún tàbí sódà ìyan búrẹ́dì sí zobo kí kíkan rẹ̀ lè rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Kíkan yẹn la fẹ́. Ẹni tó bá kan jù fún, omi ni kó fi là á.

Ó yá, ẹ mú bíírò. Lọ́jà, èyí tó pọ́n dúdú ni kẹ́ ẹ rà, tí òdòdó rẹ̀ ṣì wà lódindi. Èyí tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, tó ti rún sí ìsàlẹ̀ àpò, ó ti pẹ́ nílẹ̀, kò ní pọ́n, á kàn máa kan lásán ni. Ẹ bu ife kan ààbọ̀ fún èèyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kí iyanrìn rẹ̀ lọ. Ẹ má rẹ ẹ́ o, àwọ̀ tí ẹ ń wá ni ẹ máa dà sí kòtò.

Ẹ gbé omi lítà kan ààbọ̀ ka iná nínú ìkòkò tánganran tàbí èyí tí kì í dípẹtà. Ìkòkò álúmíníọ̀mù kò dára fún nǹkan tó kan tó báyìí, kíkan rẹ̀ máa ń jẹ ara ìkòkò. Bó bá ti hó, ẹ da zobo sí i, pẹ̀lú atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò kan tí ẹ ti gún, kànáfùrù ẹyọ mẹ́fà, àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ ti fọ̀ mọ́ dáadáa. Èèpo yẹn tí a máa ń dànù, adùn wà lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó lórí iná. Ẹ sọ̀ ọ́, ẹ dé e, kó fúnra rẹ̀ tutù. Ìgbà tó bá tutù tán ni kẹ́ ẹ fi asẹ́ aláṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ, torí asẹ́ onírin máa ń jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i.

Ti dídùn ńkọ́? Ẹ lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí Fanta díẹ̀ ṣì ń bọ̀. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kó yọ kóró dàbínò bíi márùn-ún, kó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, kó lọ̀ ọ́ kúnná, kó pò ó mọ́ gbogbo ìkòkò yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún yín pé dàbínò kò ní ṣúgà o. Ó ní in, oyin náà ní in. Kìkì pé márùn-ún láàárín èèyàn mẹ́rin kì í ṣe ọ̀ràn.

Ẹ bu díẹ̀ nínú zobo náà sínú àwo yìnyín, kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìsà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí. Yìnyín olómi lásán máa ń ba Chapman jẹ́: kó tó di pé ẹ mu ún dé ìdajì, ó ti là, ó ti di omi ẹlẹ́rìndòdò. Yìnyín zobo ní tirẹ̀, bó ṣe ń yọ́ ni kọ́ọ̀bù ń pọ́n sí i.

Ẹ wá jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ pásítọ̀ àti àlàájì. Angostura tí a ń kán sí Chapman, ọtí ni. Ìgò kékeré tí ìwé ara rẹ̀ tóbi jù ú lọ, tí ìdérí rẹ̀ yẹ́lò, ọtí inú rẹ̀ lé ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà ará Jámánì kan tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Simón Bolívar ṣiṣẹ́ ní Fẹnẹsúẹ́là, Johann Siegert, ló pò ó ní 1824 ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Angostura nígbà náà, fún inú rírun àwọn ọmọ ogun. Àgbo ni, ká má tan ara wa. Abájọ tí Yorùbá fi tètè gbà á, àwa tí a ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí nílé! Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ kó iṣẹ́ náà lọ sí Trinidad, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é títí di òní. Ẹ rí i pé ìlú tó ń ṣe Angostura àti ìlú tó ń fi zobo ṣe Kérésì, ìlú kan náà ni. Ká wá pò wọ́n pọ̀ nínú kọ́ọ̀bù tiwa, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ìkán mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni à ń fi sí kọ́ọ̀bù kan, kò lè pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó má fẹnu kan ọtí, ìkán kan náà ọtí ni lójú tirẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ gbàlejò kò sì ní ẹ̀tọ́ láti bá a pinnu. Ẹ sọ fún un kó tó mu ún, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti yin ọwọ́ yín tán. Tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ẹ bó èèpo ọsàn kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má kan funfun abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi kún kànáfùrù nígbà tí zobo bá ń hó. Ìkorò díẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìkorò tó dunlẹ̀, kó rẹ́ orógbó díẹ̀ sínú omi gbígbóná, kó sẹ́ ẹ, kó fi ṣíbí ìmutíì kan sí jọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi bítà àwọn onípárágà rọ́pò o! Iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe yàtọ̀.

Ó ku pípò. Ẹ wá kọ́ọ̀bù ọlọ́wọ́. Mi ò fara mọ́ Chapman inú ife wáìnì, kò ní àyè tí kùkúmbà máa lúwẹ̀ẹ́ sí. Ẹ da yìnyín zobo sí i dé ìdajì. Ẹ gé kùkúmbà róbótó bíi mẹ́ta, pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ẹ gé ọsàn náà sí i. Ọsàn pọ̀ nígboro lásìkò yìí, tanjarínnì náà sì pọ̀. Ẹ bu zobo sẹ̀ntílítà 20. Ẹ kán Angostura, bí ẹ bá ń lò ó. Lẹ́yìn náà, omi sódà sẹ̀ntílítà 10 tó ti tutù nini. Fanta sẹ̀ntílítà 10 ló gbẹ̀yìn. Ẹ tẹ kọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn wọlé jẹ́jẹ́. Ẹ máa rí yẹ́lò rẹ̀ bó ṣe ń yọ́ wọ inú pupa. Ẹ má fi ṣíbí rò ó gbuurugbu, hóhó rẹ̀ á lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré, láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò. Fanta sẹ̀ntílítà 10 nìkan ló gbé ṣúgà wọlé, gíráàmù 10 sí 13, ìyẹn bíi ṣíbí mẹ́ta dípò mẹ́wàá. Bí ẹ bá lo dàbínò, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ẹni tó fẹ́ kó tún fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó dín Fanta rẹ̀ kù. Àwọn ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n kọ zero sí lára náà wà, ẹ lè lò wọ́n. Èmi ò fẹ́ràn adùn tó máa ń kù sẹ́nu lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè yàn wọ́n láàyò, kó sì fi dàbínò sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ìwádìí ti fi hàn pé zobo fúnra rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn dára, àfi pé bó bá pàdé oògùn yín, ó lè mú un wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín. Ẹ bi dókítà yín, kẹ́ ẹ má sì fi jọ́ọ̀gì mu ún. Aláboyún náà, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì yín kẹ́ ẹ tó mu ún.

Fún àwọn àgbà tó fẹ́ kó ní ọtí nínú gan-an: rum dúdú, sẹ̀ntílítà 3, nínú kọ́ọ̀bù tiyín nìkan. Ẹ má dà á sí jọ́ọ̀gì tí gbogbo ilé ń mu, pupa ni gbogbo rẹ̀, ọmọ ọdún méje kò lè mọ èwo ni èwo. Ẹni tó máa wa ọkọ̀ lọ sílé mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Zobo sísè lè lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì bí iná bá dúró. Bí iná kò bá dúró, ẹ rọ ọ́ sínú ike, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di yìnyín nígbà tí ẹ bá rí iná. Bó bá ti ń hó fúnra rẹ̀, tó ń ti ìdérí ike, kì í ṣe Chapman ló ń di o, ó ti bàjẹ́ ni. Chapman tí a ti pò kì í sùn. Bí àlejò bá pọ̀, ẹ má pò ó sílẹ̀. Ẹ gbé jọ́ọ̀gì zobo sórí tábìlì, omi sódà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kùkúmbà àti ọsàn nínú àwo, Fanta níkangun, kí olúkúlùkù máa bu tirẹ̀. Ẹ kàn fi ife kékeré ti Fanta, kì í ṣe ìgò. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn oníròyìn ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì pé aago mẹ́wàá ti lù.